Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbé fídíò sórí tẹlifíṣọ̀n yín

"Èwo ló dára jù nínú gbogbo wọn?" Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lórí àwọn àpótí àti sítíìkì kékeré tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi wo fídíò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀ láìmọ ohun tí onítọ̀hún fẹ́ wò. Ẹni tó jẹ́ pé Netflix àti YouTube nìkan ló ń wò, ohun tó nílò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ń kó fíìmù jọ sínú hádì dísíìkì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rọ kan náà lè tẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́rùn, kó sì já ẹnì kejì kulẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tàn án, ì báà wọ́n bí ojú.

Torí náà, ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa wọ inú ìtọ́sọ́nà yìí. Ohun tí ẹ ń wò ló ṣáájú, tẹlifíṣọ̀n yín tẹ̀ lé e, íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ máa kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ bí a ṣe ń lọ. Bí ẹ bá máa fi dé ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa ṣẹ́ kù tí ẹ máa mú nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń wò sílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni fídíò ń gbà dé ojú tẹlifíṣọ̀n: láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún lóṣooṣù, láti inú fáìlì tó jẹ́ tiyín, àti láti orí fóònù tí ẹ ti ń jù ú sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò jù sókè.

Tó bá jẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ni, ẹ kọ orúkọ gbogbo áàpù, títí kan èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò ó nínú ilé. Netflix, YouTube àti Prime Video wà lórí gbogbo ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀, wọn kì í dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn áàpù kéékèèké ni kí ẹ wá dáadáa: ti eré ìdárayá, ti ilé ìjọsìn, ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí kò tóbi. Ẹ wo ojú-ìwé iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà, ẹ wo irú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ gbọ́ lórí èyí.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn lára páálí. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù kì í fi àwòrán tó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí wọn kò fọkàn tán. Lórí àwọn ẹ̀rọ Android, ètò ààbò tó ń ṣọ́ fíìmù yìí ń jẹ́ Widevine, ó sì ní ìpele. Ẹ̀rọ tó bá wà ní ìpele L1 lè gba HD (àwòrán tó mọ́) àti 4K (èyí tó mọ́ jù ú lọ). Èyí tó bá wà ní L3, àwòrán bàìbàì 480p ni Netflix máa fi ránṣẹ́ sí i, bí wọ́n tilẹ̀ kọ "4K" gàdàgbà sára rẹ̀. Bí ẹ bá ti ní àpótí Android kan nílé, áàpù tó ń jẹ́ DRM Info máa sọ ìpele tó wà fún yín.

Tó bá jẹ́ fáìlì tiyín ni, ọ̀rọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ohun tí kò lè bá wọn ṣiṣẹ́. Bí fídíò ṣe ń jáde látinú kámẹ́rà, ó tóbi ju ohun tí a lè fi pamọ́ lọ, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń ká a pọ̀. Ẹ̀rọ tó bá máa fi í hàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ká a, kó tó lè tú u. Ọ̀nà ìkápọ̀ tó gbilẹ̀ jù ni H.264, tó jáde lọ́dún 2003. Kò sí ẹ̀rọ kan lónìí tí kò mọ̀ ọ́n. H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC, jáde lọ́dún 2013; ó lè dín ìwọ̀n fáìlì kù sí bí ìdajì láìba àwòrán jẹ́, òun ni wọ́n sì ń lò fún ọ̀pọ̀ fíìmù 4K. AV1 ló tẹ̀ lé e lọ́dún 2018, YouTube àti Netflix sì ti ń lò ó.

Kí ẹ̀rọ lè ṣí fáìlì jẹ́ ọ̀kan, kó ṣí i láìlágùn jẹ́ òmíràn. Nínú ẹ̀rọ tó mọ ọ̀nà ìkápọ̀ kan dénú, apá kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀ tó jẹ́ pé títú fídíò bẹ́ẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí apá yẹn kò bá sí, gbogbo ọpọlọ ẹ̀rọ náà ló máa dojú kọ iṣẹ́ ọ̀hún, á máa gbóná, àwòrán á máa já, ohùn á sì ṣáájú ètè. Torí náà, bí ẹ bá ń ka àlàyé ẹ̀rọ, ẹ máa wá ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ H.265 àti AV1 ní tààràtà. Fún H.265, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "10-bit" mọ́ ọn, ìyẹn ni pé ó lè gbé àwọ̀ tó pọ̀ ju ti 8-bit lọ. Àwọn àpótí àtijọ́ kan mọ H.265 ti 8-bit nìkan, fíìmù HDR (èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ) kò sì lè hàn dáadáa lórí irú wọn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà nínú fáìlì yín? Ẹ fi VLC, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣí fídíò, ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Tools, kí ẹ tẹ Codec Information. Ẹ yẹ fáìlì bíi mélòó kan wò, pàápàá àwọn tó tóbi jù. Ẹ má ṣe fi MKV tàbí MP4 tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì ṣe ìdíwọ̀n: àpò lásán nìyẹn, ohun tó wà nínú àpò ló ṣe pàtàkì.

Níbẹ̀ kan náà lẹ máa rí irú ohùn tó wà nínú fáìlì. AC3 kò le. DTS àti TrueHD ló máa ń fa "àwòrán wà, ṣùgbọ́n ohùn kò sí", torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni kò mọ̀ wọ́n. Bí fíìmù yín bá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi ìlà sí i nídìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ èyí tó ní áàpù nínú, tí àwọn áàpù tí ẹ kọ sílẹ̀ sì ń ṣí kíákíá lórí rẹ̀, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ìgbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣọ̀n bá dáwọ́ àtúnṣe dúró, tí áàpù kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ tàbí tí ó ń fà bí ìgbín, ni ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ ọn wúlò. Ó sàn púpọ̀ ju kí ẹ sọ tẹlifíṣọ̀n tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ nù lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ihò HDMI. Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá ti pẹ́ débi pé ihò aláwọ̀ pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló ní, ẹ máa nílò ohun kékeré kan tó ń sọ HDMI di AV, àwòrán rẹ̀ kò sì ní í mọ́ tó ti HDMI. Kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ 4K fún irú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n 4K ni, ẹ mọ̀ pé gbogbo ihò HDMI kọ́ ló dọ́gba. HDMI 1.4 lè gbé 4K, ṣùgbọ́n àwòrán 30 péré ló ń gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. HDMI 2.0 ń gbé 60. Kí fíìmù 4K láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó lè hàn, ihò náà tún gbọ́dọ̀ ní HDCP 2.2, ètò ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n da fíìmù kọ. Lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, ihò kan tàbí méjì ló ní gbogbo èyí, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n náà, ohun kan tún sábà máa ń wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tàn fún ihò ọ̀hún kí HDR tó lè wọlé. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi "Deep Colour" tàbí "Enhanced" máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ tún ka irú HDR tí tẹlifíṣọ̀n yín mọ̀. HDR10 wọ́pọ̀ jù. Dolby Vision àti HDR10+ jẹ́ ti àwọn iléeṣẹ́ kan pàtó: Samsung kì í fi Dolby Vision sínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, torí náà ẹni tó ní Samsung kò gbọ́dọ̀ fi owó kún owó torí Dolby Vision tó wà lára ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ní sáúńdì báà (ẹ̀rọ ohùn gígùn tó máa ń wà nídìí tẹlifíṣọ̀n), ẹ wá ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí, òun ló ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n jáde. Ibẹ̀ ni sáúńdì báà ń gbé, ẹ má fi ẹ̀rọ yìí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà láti wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe yára tó. Ẹ gbé fóònù yín lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ ti ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ará ilé ń lò ó. Netflix sọ pé 5 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) tó fún 1080p, ìyẹn HD tó mọ́ dáadáa, ó sì béèrè 15 Mbps fún 4K. Bí ohun tí ẹ rí bá wà lábẹ́ ìyẹn, ẹ̀rọ tó gbówó lórí kò lè tún un ṣe. Àmì róbótó yẹn á kàn máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n ni.

Ẹni tó bá ń ra dátà ní ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa. Wákàtí kan HD lórí Netflix lè jẹ tó 3 GB, wákàtí kan 4K lè jẹ tó 7 GB. Bí dátà yín bá ní òpin, ẹ̀rọ HD lásán tó dára lè bá yín mu ju ti 4K lọ, ẹ sì lè dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú ètò áàpù náà.

Wi-Fi ní ojú ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀. 2.4 GHz ń la ògiri kọjá dáadáa ṣùgbọ́n kò yára, èrò sì pọ̀ lórí rẹ̀. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri méjì tàbí mẹ́ta lè dá a dúró. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó mọ 2.4 GHz nìkan. Bó bá sì ṣeé ṣe láti fa wáyà láti ráútà dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fà á. Ẹ wo bí ihò wáyà ẹ̀rọ náà ṣe tó: fún Netflix, 100 Mbps pọ̀ tó, àmọ́ fíìmù 4K tí wọ́n kó látinú Blu-ray (àwo fíìmù) láìgé nǹkan kan kúrò lè ga ju 100 Mbps lọ láwọn ibi kan, á sì máa dákú níbẹ̀. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nílò ihò Gigabit (1,000 Mbps).

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú ìdílé ẹ̀rọ tó bá bébà yín mu

*Roku* ti wà láti 2008. Rìmóòtù rẹ̀ kò ní bọ́tìnì púpọ̀, ojú rẹ̀ kò sì díjú. Òun ni mo máa mú fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí nǹkan máa yí padà lójú òun. Kò ṣeé fi Kodi, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣí fáìlì fíìmù tẹni, sí, kò sì gba áàpù láti ìta (tí kò sí nínú ìsọ̀ áàpù rẹ̀) bíi ti Android, torí náà ẹni tó fẹ́ràn láti máa tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ kò ní í gbádùn rẹ̀.

*Fire TV* jẹ́ ti Amazon, láti 2014. Ìpolówó pọ̀ lójú rẹ̀, ó sì ń ti fíìmù Amazon síwájú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lórí Android, ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ dáadáa: Fire TV Stick 4K Select tó jáde lọ́dún 2025 ń lo Vega OS, tí kì í ṣe Android, áàpù láti ìta kò sì ṣeé fi sí i. Ẹni tó ń fi Kodi wo fíìmù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ra èyí.

*Google TV* ni ilé tí Chromecast wọ̀ báyìí. Chromecast àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013, fóònù nìkan ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀. Ní 2024 ni Google TV Streamer rọ́pò gbogbo wọn. Ó ní àyè ìpamọ́ 32 GB àti ihò wáyà Gigabit, ó sì mọ H.265 àti AV1. Fún ilé tí fóònù Android pọ̀ sí, tí wọ́n ń fi fóònù ju fídíò sórí tẹlifíṣọ̀n, òun ni mo kà sí ààyò. Chromecast tí wọ́n ti lò rí lè wá sọ́wọ́ yín lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 2020 pẹ̀lú rìmóòtù ní àyè 8 GB péré, ó sì máa ń kún kíákíá.

*Apple TV 4K* yára, kì í fi ìpolówó dí ojú ẹni, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń ṣe àtúnṣe sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú èyí tó jáde ní 2022, 128 GB nìkan ló ní ihò wáyà. Ti 64 GB kò ní. Kò bá gbogbo ènìyàn mu: kì í fi ohùn TrueHD tàbí DTS ránṣẹ́ sí sáúńdì báà bó ṣe wà nínú fáìlì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tú u kó tó fi ránṣẹ́, Atmos (ohùn tó ń yí ẹni ká) tó wà nínú TrueHD sì máa ń sọ nù lójú ọ̀nà. Kodi kò sí nínú ìsọ̀ áàpù rẹ̀, àmọ́ àwọn áàpù mìíràn tó ń ṣí fáìlì, bíi VLC, Infuse àti Plex, wà níbẹ̀.

*Nvidia Shield TV Pro* ti 2019 ló ṣì ń bọ́ sọ́kàn mi fún ẹni tó fi ìlà sí DTS àti TrueHD nídìí. Ó ń fi ohùn wọ̀nyẹn ránṣẹ́ láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó ní ihò Gigabit, ó sì ní ihò USB méjì tó lè gba hádì dísíìkì. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ o: ọpọlọ rẹ̀ kò mọ AV1.

*Raspberry Pi*, kọ̀ǹpútà kékeré kan, pẹ̀lú LibreELEC tó ń gbé Kodi sórí rẹ̀, wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Pi 4 àti Pi 5 ń tú H.265 láìlágùn, ihò HDMI wọn sì jẹ́ ti kékeré, torí náà ẹ wá wáyà tó bá a mu. Fáìlì tiyín ni ẹ rà á fún. Fún Netflix, kò dáa, torí kò ní ìpele ààbò L1 tí mo mẹ́nu bà lókè.

Bí PlayStation 5 tàbí Xbox Series bá ti wà nílé, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ fíìmù náà. Iná tí wọ́n ń jẹ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ kékeré lọ, fáànù inú wọn sì lè máa pariwo.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sá fún àpótí tó ṣèlérí ohun gbogbo lọ́fẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí àwọn tí wọ́n ń fi mú ni àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Àpótí Android kan á wà tí kò sẹ́ni tó mọ ilé tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á ní gbogbo fíìmù ayé wà nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú nípa BADBOX 2.0, ìyẹn àkójọ ẹ̀rọ tí kòkòrò (sọ́fítíwíà ibi) ti wọ̀. Àwọn àpótí tẹlifíṣọ̀n wà lára àwọn ẹ̀rọ tí kòkòrò ti wọ̀ kí wọ́n tó dọ́wọ́ ẹni tó rà wọ́n, òmíràn sì kó o nígbà tí wọ́n ń fi áàpù sí i. Àwọn ọ̀daràn á wá máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì ilé onílé ṣe iṣẹ́ ibi, tí yóò sì dà bí ẹni pé ará ilé náà ló ń ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Google gbé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó ní ẹ̀rọ tó ti kó kòkòrò náà lé ní mílíọ̀nù 10.

Àmì tí ẹ máa fi mọ̀ wọ́n kò ṣòro. Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ pa Play Protect (ètò ààbò Google tó ń ṣọ́ áàpù) kí ẹ tó lè lò ó, ẹ dá a padà. Bí ìsọ̀ áàpù tó wà nínú rẹ̀ kì í bá ṣe ti Google tàbí ti iléeṣẹ́ ńlá kan, ẹ dá a padà. Google ní ojú-ìwé kan tó to orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ Android TV sí. Ẹ wá orúkọ tó wà lára páálí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀ tí ẹ ń fura sí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Wi-Fi lónìí.

Ìgbésẹ̀ 6: Fún àwọn tó ní fáìlì tiwọn

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí ẹ so hádì dísíìkì mọ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi Kodi tàbí VLC ṣí i. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ṣètò dísíìkì náà: FAT32 kò gba fáìlì tó bá ju 4 GB lọ, fíìmù 4K kan ṣoṣo sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀. exFAT ló dára jù bí ẹ̀rọ yín bá mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni kí kọ̀ǹpútà kan nílé di olùpín, kó máa fi Plex tàbí Jellyfin fi fíìmù ránṣẹ́ sí gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni Jellyfin, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ẹ máa sanwó fún. Bí ẹ̀rọ ìdí tẹlifíṣọ̀n bá mọ fáìlì náà, kọ̀ǹpútà á kàn gbé e fún un bó ṣe wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà á ní láti tú u, kó tún un ká sí ọ̀nà mìíràn bí fíìmù ṣe ń lọ, iṣẹ́ yìí sì le. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó mọ ohun púpọ̀ fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fún gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù náà lè dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀: SRT jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò wúwo, ṣùgbọ́n PGS tó máa ń wà nínú Blu-ray jẹ́ àwòrán, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò sì lè fi í hàn fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán an wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá

Ẹ fi ṣájà tó bá a wá tàn án. Ihò USB 2.0 ara tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fúnni ní 500 mA, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìtó iná ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa ń pa tàn, pa tàn. Àwọn kan, bíi Apple TV 4K, kò ní wáyà HDMI nínú páálí, ẹ ra tiyín mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ sítíìkì, ẹ fi wáyà HDMI kúkúrú fà á jáde kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, Wi-Fi rẹ̀ á dára sí i.

Nínú ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ìyára àwòrán bá ti fíìmù mu, kí ẹ tàn án. Àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Bí ẹ̀rọ bá fi tipátipá sọ ọ́ di 60, nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ń gbọ̀n. Apple TV àti Shield ní ètò yìí. Ẹ pa ètò tó ń fi ohun tí ẹ ń wò ránṣẹ́ sí àwọn olùpolówó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo áàpù tó wà lórí bébà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo fíìmù kan fún ìdajì wákàtí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú fáìlì tó wúwo jù àti èyí tó ní ohùn DTS, kí ẹ fa fíìmù náà síwá sẹ́yìn. Ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ jù nínú ilé ní rìmóòtù, kí ẹ má sọ nǹkan kan, kí ẹ wò ó bóyá yóò rí ohun tó fẹ́ wò. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kọ̀, tí àtúnṣe sọ́fítíwíà kò sì yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ dì í padà sínú páálí, kí ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.